Ààbò Ọmọdé Lórí Pápá: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọdé nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. A yan mẹ́fà nínú wọn, a sì yọ orúkọ àti gbogbo ohun tí wọ́n fi lè dá ènìyàn mọ̀ kúrò, nítorí pé ọmọdé ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Kóòṣì wọn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un, òun nìkan ló máa ń fi ọkọ̀ gbé e wálé lẹ́yìn ìdánrawò, ó sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. Nígbà tí mo ní kí ọmọ náà jẹ́ kí n wo fóònù rẹ̀, mo rí i pé ó ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Ọkọ mi ní aláìmoore ni mí, pé ẹni tó fẹ́ kí ọmọ wa di ènìyàn ńlá ni mo fẹ́ bà lórúkọ jẹ́. Ṣé mò ń ṣe àṣejù ni? — *Ìyá Agbábọ́ọ̀lù*

Ìdáhùn: Rárá, ìyá wa, ẹ kò ṣe àṣejù. Ẹ̀bùn tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ kan ṣoṣo, ọkọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ òru tí ọmọ ń pa rẹ́ kí òbí má bàa rí i: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ẹ̀rí pé kóòṣì náà ti hùwà ibi. Ó lè jẹ́ onínúure tí kò mọ ibi tó yẹ kí inúure mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe máa ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fi í jẹ́ kí kóòṣì kankan, ìbáà jẹ́ ẹni rere, tọ ọ̀nà náà.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé àjèjì tó ń lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ni ẹni tó yẹ kí á máa ṣọ́. Ẹni tó fẹ́ ba ọmọ jẹ́ nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá kì í kánjú, ọ̀dọ̀ òbí ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Yóò wá ojúrere wọn títí tí gbogbo ilé á fi máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ọmọ kan ní ààyò, tí yóò fún un ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní, tí yóò sì máa sọ fún un pé òun nìkan ló mọyì ẹ̀bùn tó wà lára rẹ̀. Àṣírí kéékèèké yóò wá bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, irú èyí tí kò ní láburú kankan lójú ọmọdé: "Má sọ fún màmá rẹ pé èmi ni mo ra èyí." Tí pípa àṣírí mọ́ bá ti mọ́ ọmọ lára, tó sì ń bẹ̀rù pé àyè òun nínú ẹgbẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun, ìwà burúkú náà ti rí ibi jókòó sí. Ọmọ tó bá bọ́ sínú irú nǹkan báyìí kì í sábà lè sọ ọ́, torí ó ti gbà pé òun náà jẹ̀bi, tàbí pé kò sí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ lórí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń yìn.

Bó ṣe rí nìyẹn ní Ẹ́ńgílándì lọ́dọ̀ Barry Bennell, tó ti jẹ́ kóòṣì àwọn ọmọdékùnrin rí ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Crewe Alexandra. Ẹ̀rọ ayò àti àwọn ẹranko tí ọmọdé máa ń fẹ́ wò kún ilé rẹ̀, àwọn òbí sì ń jẹ́ kí ọmọ wọn sùn síbẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ọjọ́ iwájú ọmọ àwọn wà. Nígbà tí Andy Woodward, tó kọ́ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kékeré, jáde sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ó ti di àgbàlagbà ẹni ogójì ọdún ó lé. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 2018, ilé ẹjọ́ rán Bennell lọ sẹ́wọ̀n ọdún 30 lórí ẹ̀sùn 50 tó kan ọmọdékùnrin 12.

Ní báyìí, ẹ kò ní láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni kí ẹ tó dáàbò bo ọmọ yín, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá ọmọ nìyẹn, kí ara lè tù ú. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́, kì í ṣe sí kóòṣì nìkan, pé: "Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, èmi tàbí ẹni tí mo bá rán ni yóò máa wá mú ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ìdánrawò tó bá wà fún un, ẹ fi ránṣẹ́ sí ojú ibi tí gbogbo òbí wà." Kóòṣì tí ọkàn rẹ̀ mọ́ yóò gbà láìjanpata, nítorí pé ó dín ẹrù rẹ̀ kù. Èyí tó bá bínú, tó bá lọ bá ọmọ láti ròyìn òbí rẹ̀ fún un, tàbí tó bá tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ ọmọ kúrò nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ gbé ìyẹn lọ bá àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ náà ńkọ́? Ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ẹ wá àkókò tí ẹ jọ ń ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ sọ fún un pé kò ṣẹ̀ yín, pé kò sí àgbàlagbà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ọmọ pa ohunkóhun mọ́ fún òbí rẹ̀, kí ẹ wá béèrè pé kí ni wọ́n máa ń sọ, kí ẹ sì fún un láyè láti dáhùn nígbà tó bá yá a. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tàbí àwòrán ìhòòhò nínú fóònù, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì lọ bá kóòṣì jà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ gbé fóònù náà lọ bó ṣe wà.

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan ni mí. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni gbogbo wa, a kò sì lówó lọ́wọ́. Alága wa ní kò sídìí fún òfin kankan nítorí pé a mọ ara wa dáadáa. Èmi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. — *Akọ̀wé*

Ìdáhùn: "A mọ ara wa" ni gbólóhùn tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo lẹ́tà tó wọlé. Ojú lásán là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbẹ́kẹ̀ lé pé òun mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni burúkú ti fi ọmọ ọlọ́mọ dán nǹkan wò. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni bí ẹ ṣe máa ṣètò ẹgbẹ́ tí ẹni burúkú kò fi ní ráyè, kò sì dìgbà tí owó bá wà kó tó ṣeé ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi yìí: kí àgbàlagbà kankan má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn kò ti lè tó wọn. Bí ẹ bá di èyí mú ṣinṣin, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bí àwọn òfin yòókù. Bí kóòṣì bá fẹ́ bá ọmọ kan sọ̀rọ̀, etí pápá ni kí wọ́n ti sọ ọ́, tí gbogbo ènìyàn ń rí wọn tí etí kò sì tó ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ẹgbẹ́ bá ń rìnrìn àjò, ó kéré tán àgbàlagbà méjì ni yóò tẹ̀ lé wọn, kò sì sí èyí tí yóò bá ọmọdé sùn nínú yàrá kan náà. Ibi ìpààrọ̀ aṣọ ló gba àkíyèsí jù. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìdíje: àwọn ọmọ ti rẹ̀, ariwo pọ̀, ẹnì kan ń wá bàtà rẹ̀, kóòṣì yóò sì wọlé lójijì láti lé wọn jáde nítorí ọkọ̀ ń dúró. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí ohunkóhun, àmọ́ inú irú wàhálà báyìí ni ẹni tó ń wá àyè ti máa ń rí i. Nítorí náà, kí àgbàlagbà kan ìlẹ̀kùn, kó dúró kí wọ́n dáhùn, kó má sì dá wọlé. Kí ó má pààrọ̀ aṣọ tàbí kó wẹ̀ lákòókò tí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, kí fóònù ẹnikẹ́ni má sì jáde nínú yàrá yẹn, ti àwọn ọmọ náà pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ ń fi àwòrán yẹ̀yẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn kóòṣì mọ̀ pé òfin yìí ń gbèjà àwọn náà, torí ẹni tí kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ kò ṣeé parọ́ mọ́.

Ẹ má gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ torí pé ó wù ú láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti ìdí tó fi kúrò, kí ẹ sì fi fóònù pe ẹni méjì tó ti rí i níbi tó ti ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù láti gbà yín nímọ̀ràn ni èyí: "Ṣé ẹ lè gbà kó tún wá máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọ̀ yín?" Bí ẹni náà bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó fèsì, ẹ béèrè ìdí. Níbi tí ìjọba bá ti ṣètò ìwé ẹ̀rí látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tí ìwé yẹn ń sọ kò ju pé ilé ẹjọ́ kò tíì dá a lẹ́bi. Ipò ńlá náà kì í ṣe ẹ̀rí ìwà rere: ní 1995 ni ilé ẹjọ́ rán Paul Hickson, tó ti jẹ́ kóòṣì àwọn òmùwẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdíje Òlíńpíìkì 1988, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 nítorí ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà àìtọ́ tó hù sí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ ní ìwẹ̀. Agbẹjọ́rò Clive Sheldon, nínú ìwádìí tó ṣe fún àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ẹ́ńgílándì tó sì gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021, sọ pé lẹ́yìn oṣù kẹwàá 1995 àjọ náà ti mọ̀ tó nípa ewu tó wà fún àwọn ọmọdé, síbẹ̀ ó lọ́ra láti dáàbò bò wọ́n títí di 2000. Bí àjọ ńlá tó lówó tó sì ní òṣìṣẹ́ bá lè lọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣètò ara rẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ tó fara pa náà ṣe pàtàkì. Larry Nassar ni dókítà ẹgbẹ́ eré gymnastics (eré òkìtì títa) orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Ìgbà mìíràn wà tí ìyá ọmọ jókòó sínú yàrá, tí dókítà yìí dúró lọ́nà tí ìyá kò fi lè rí ọwọ́ rẹ̀, tó sì ń ba ọmọ náà jẹ́ lórúkọ ìtọ́jú. Láti 1997 ni àwọn ọmọbìnrin kan ti fi ọ̀rọ̀ náà tó àgbàlagbà létí, wọ́n sì dá wọn lóhùn pé kò yé wọn ni. Ní oṣù kìíní 2018, àwọn tó lé ní 150 ni ọ̀rọ̀ wọn wáyé nílé ẹjọ́ kí adájọ́ tó rán an lẹ́wọ̀n. Nítorí náà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, kí àgbàlagbà kejì dúró síbi tó ti lè rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ọmọ náà sì mọ̀ pé bí òun bá ní rárá, rárá ni.

Lákòótán lórí tiyín, ẹ yan ẹnì kan tí ọmọ tàbí òbí lè lọ bá. Kó má jẹ́ kóòṣì, kó má jẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ kóòṣì, kó má sì jẹ́ ẹbí alága. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ síbi tí ojú ọmọ tó kéré jù lọ lè tó.

Ìbéèrè: Ṣé ó burú kí n ya àwòrán ìdíje àwọn ọmọ wa kí n sì gbé e sórí Facebook? — *Bàbá Aláyọ̀*

Ìdáhùn: Ẹ lè ya ti ọmọ yín bó ṣe wù yín. Ti ọmọ ẹlòmíràn, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, torí pé àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n sá fún òbí tó ń ṣe wọ́n léṣe, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ń gbé báyìí. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ pẹ̀lú àwòrán tó fi ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ìdánrawò rẹ̀ hàn, torí àjèjì tó bá rí i ti mọ orúkọ tó máa fi pè é àti ibi tó ti lè rí i. Àwòrán àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ìwẹ̀, ẹ fi sínú ilé.

Ìbéèrè: Bí ẹgbẹ́ wa bá pàdánù, kóòṣì máa ń ní kí àwọn ọmọ sá eré yí pápá ká títí tí àwọn mìíràn á fi bì, kò sì ní fún wọn lómi. Ó ní bí àwọn akọni ṣe ń dìde nìyẹn, àwọn ọmọ wa sì ń borí lóòótọ́. — *Òbí Tó Dààmú*

Ìdáhùn: Ìfìyàjẹ ọmọdé ni èyí, ife-ẹ̀yẹ kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ara ọmọ tó ń sáré nínú oòrùn láìmu omi lè gbóná kọjá ààlà, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Nínú ìwádìí tí agbẹjọ́rò Anne Whyte ṣe lórí eré gymnastics nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní oṣù kẹfà 2022, àwọn tó kọ ìrírí wọn ránṣẹ́ lé ní 400. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó mu omi tàbí lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ tó fara pa tí wọ́n ṣì ń lé e padà sídìí ìdánrawò, ọmọ tí wọ́n ń tàbùkù sí nítorí bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Púpọ̀ nínú àwọn tó fara gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà pé bí ó ṣe yẹ kó rí ni, torí kò sí òbí tó sọ pé kò tọ́. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ̀yin òbí, kí ẹ sọ fún ẹgbẹ́ pé omi kì í ṣe èrè, eré sísá kì í sì í ṣe ìyà. Bí wọn kò bá yí padà, ẹ kó àwọn ọmọ yín kúrò, kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ tó wà lórí ẹgbẹ́ náà.

Ìbéèrè: Igbákejì kóòṣì wa, ẹni ọdún 24, ń fẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa kan tó jẹ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17. Àwọn méjèèjì ní àwọn fẹ́ràn ara àwọn. Kí ló kàn wá níbẹ̀? — *Ọmọ Ìgbìmọ̀*

Ìdáhùn: Ó kàn yín púpọ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1989 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, bí òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò bá ti sọ ọ́ di àgbà ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gbé ọjọ́ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ igbákejì kóòṣì yìí ló wà bóyá ọmọbìnrin náà yóò gbá bọ́ọ̀lù tàbí yóò jókòó. Báwo ni ẹni tí a di ọjọ́ iwájú rẹ̀ mú ṣe máa ráyè sọ pé òun kò fẹ́? Ìdí nìyẹn tí Ẹ́ńgílándì àti Wales fi fẹ òfin wọn lójú ní 2022, tó fi di ẹ̀ṣẹ̀ fún kóòṣì láti bá ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tó ń kọ́ ní àṣepọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nídìí iṣẹ́ lónìí, kí ẹ fi tó àwọn òbí ọmọ àti àwọn aláṣẹ létí, kí ẹ sì rí i pé kì í ṣe ọmọbìnrin náà ni ẹ lé jáde. Òun ni ẹgbẹ́ sábà máa ń lé.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo ń ran kóòṣì àgbà lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 kan sọ fún mi pé òun fẹ́ sọ nǹkan fún mi bí mo bá ṣèlérí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí. Ó ní kóòṣì àgbà ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Alága ní kí n fi sílẹ̀, àwọn yóò bójú tó o nínú ilé. — *Ẹni Ogún Ọdún*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìlérí yẹn kò dè ọ́. Padà lọ bá ọmọ náà, níbi tí àwọn ènìyàn wà, kí o sọ fún un pé: "O ṣe dáadáa bí o ṣe sọ fún mi. Mo gbà ọ́ gbọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. N kò lè dá pa á mọ́, torí mo fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró, àwọn tó lè dá a dúró ni mo máa sọ fún." Má bi í ní ìbéèrè sí i. Bí o bá ń béèrè pé "Ṣé ó ṣe báyìí?" "Ṣé ó ṣe tọ̀hún?", agbẹjọ́rò lè sọ lọ́la pé ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Jókòó nísinsìnyí, kí o kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ọjọ́, àkókò, àti ibi tí ẹ wà, kí o sì fọwọ́ sí i.

Ti alága, o ti jẹ́ kó gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ kò tíì parí síbẹ̀. Ní 2001, ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ igbákejì bíi tìrẹ ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà rí Jerry Sandusky, kóòṣì àtijọ́ níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún, pẹ̀lú ọmọdékùnrin kan ní ilé ìwẹ̀ ẹgbẹ́ lóru. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀gá tirẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò bójú tó o nínú ilé. Kò sí ẹni tó sọ fún ọlọ́pàá. Oṣù kọkànlá 2011 ni wọ́n tó mú Sandusky, àwọn ọmọ mìíràn sì ti bọ́ sí i lọ́wọ́ láàárín ìgbà náà. Ní 2012 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 45, nígbà tó sì di 2017, ilé ẹjọ́ dá mẹ́ta nínú àwọn ọ̀gá yunifásítì náà lẹ́bi pé wọ́n fi ọmọdé sínú ewu.

Nítorí náà, mú ìwé tí o kọ yẹn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìgbáyégbádùn ọmọdé lónìí. Má sọ fún kóòṣì àgbà pé o ń lọ, kó má bàa ráyè bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tàbí kó pa ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ rẹ́. Má pín ìròyìn náà láàárín àwọn òbí yòókù. Bí o bá rò pé ọmọ náà yóò tún wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú, má dúró de ìgbà tí o bá kọ ọ́ tán. Pe ọlọ́pàá lórí fóònù, kí o sì wà nítòsí ọmọ náà títí òbí rẹ̀ yóò fi dé. Bí o bá mọ̀ pé ọwọ́ òbí náà mọ́, àwọn tó bá gba ẹjọ́ rẹ yóò sọ fún ọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbọ́ àti ẹni tó yẹ kó sọ fún wọn. Kí o sì kọ orúkọ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o padà lọ béèrè ibi tó dé bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan.